Ìwé Ìsàlẹ̀

Ẹ̀jẹ̀ ta sójú tẹlifíṣàn, gbogbo ilé sì hó yèè.

"Gún un sí i!" Reuben fò dìde lórí bẹ́ǹṣì, ó na ọwọ́ ọ̀tún bí ẹni tó di ọ̀bẹ mú. "Má jẹ̀ẹ́ kó mí!"

Ọkùnrin ará Ṣáínà tó wà nínú fíìmù gún ọ̀tá rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ọ̀tá náà fi ẹ̀yìn rìn, ó ṣubú sódò, omi sì bò ó mọ́lẹ̀. Ọkùnrin náà dúró létí odò, ó ń bá omi sọ̀rọ̀ ní ohùn kékeré. Ayọ̀mípọ̀sí, tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣàn pẹ̀lú ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ lọ́wọ́, la ẹnu láti sọ ohun tó ń wí.

"Ó ní, ìwọ omi yìí..."

Làsísì na ọwọ́ tẹ bọ́tìnnì. Ojú tẹlifíṣàn di búlúù.

"Ó parí," ni Làsísì wí. Òun ló ni ilé fídíò náà.

"Kò tíì parí, Bọ̀ọ̀dá Làsísì. Ó ṣì ń sọ̀rọ̀."

"Ọ̀tá ti kú. Kí ló tún kù tó fẹ́ sọ?"

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Ayọ̀mí fi orí ọ̀pá rẹ̀ gún ilẹ̀. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Láti oṣù mẹ́ta tó ti ń sọ fíìmù nílé Làsísì, lẹ́yìn rélùwéè Agége, kò tíì wo fíìmù ìgbẹ̀san kan dé òpin rí. Bí ọ̀tá bá ti ṣubú báyìí, Làsísì yóò pa fíìmù náà, kí òmíràn lè bọ́ sí i.

Iṣẹ́ Ayọ̀mí níbẹ̀ kò ṣòro láti ṣàlàyé. Fíìmù Ṣáínà, ti Íńdíà, ti Kòríà ni Làsísì máa ń fi hàn, kò sì sẹ́ni tó gbọ́ èdè wọn. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa ń sáré kọjá ní ìsàlẹ̀ tẹlifíṣàn. Ìwé ìsàlẹ̀ ni àwọn oníbàárà ń pè é. Àwọn mìíràn ò lè kà á rárá, àwọn tó lè kà á, kí wọ́n tó dé ìdajì ìlà, ìlà ti lọ. Ayọ̀mí nìkan ni ojú rẹ̀ ń yá tó o. Ìwé mẹ́ta ló kà ní girama kí owó tó tán, ìwé ìtàn tó yá lọ́wọ́ ẹni ẹlẹ́ni ló sì fi kọ́ ara rẹ̀ ní ìyókù. Nítorí náà, ó ń ka ìwé ìsàlẹ̀, ó ń sọ ọ́ ní Yorùbá, ó sì ń fi ọ̀pá tọ́ka sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Làsísì kì í gba owó ìwọlé lọ́wọ́ rẹ̀, ó máa ń ra ẹ̀wà àti búrẹ́dì fún un lọ́sàn-án, bó bá sì di Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù, òun ni yóò yan fíìmù kan.

Òní ni Sátidé ọ̀hún.

"Ẹ gbọ́ o," ni Reuben wí, ó sì jókòó padà. Wẹ́dà ni, ọwọ́ rẹ̀ kún fún àpá iná. "Kò sẹ́ni tó mọ ẹ̀san gbà tó ará Ṣáínà. Ogún ọdún gbáko ló fi wá ọkùnrin yẹn!"

"Ogún ọdún?" Shuaib, tó ń ṣe búrẹ́dì ní ojúlé kejì, yí padà lórí ìjókòó rẹ̀. Ìyẹ̀fun ṣì wà ní ìpéǹpéjú rẹ̀. "Ará Íńdíà á ti pa á, á ti sin ín, á sì ti fẹ́ ọmọ rẹ̀."

"Á kọ́kọ́ kọrin fún un ná! Ta ló ń jó yí igi po nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa bàbá rẹ̀?"

"Orin yẹn ni ìbànújẹ́ rẹ̀, ìwọ olórí irin. Iná wẹ́dà ti jó ọ lójú, o ò lè mọ̀."

"Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ sinmi," ni Fàúsát wí, ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán. "Àwọn ará Kòríà ló le jù. Wọn ò kọrin, wọn ò fò. Wọ́n á rọra jókòó tì ọ́, wọ́n á bá ọ jẹun, wọ́n á wá fi ṣíbí yẹn náà yọ ọ́ lójú."

"Háà! Fàúsát, ta ló fẹ́ fẹ́ irú ẹ báyìí?"

"Ẹni tí kò bá ní ohun tó ń fi pamọ́ ni."

Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Reuben ní kí Ayọ̀mí dá ẹjọ́ náà, torí òun ló gbọ́ èdè gbogbo wọn.

"Mi ò gbọ́ èdè kankan," ni Ayọ̀mí dáhùn. "Ìwé ìsàlẹ̀ ni mò ń kà."

"Ìyẹn náà ni."

Kì í ṣe ìyẹn náà. Àmọ́ báwo ló ṣe fẹ́ ṣàlàyé fún wọn? Ọ̀rọ̀ ni òun ń wò nínú fíìmù, ẹ̀jẹ̀ ni tiwọn. Bí ẹnì kan nínú fíìmù bá sọ ọ̀rọ̀ tó wọ òun lára, tí òun sì fara balẹ̀ wá Yorùbá tó bá a mu, Reuben á kígbe pé, "Ìyẹn kọ́, ìgbà wo ló máa mú idà?" Bí ẹni ń da omi sẹ́yìn pẹ́pẹ́yẹ ni.

Ẹ̀san kan wà lọ́kàn òun náà. Oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, iléeṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ọ̀rá ní Ìkẹjà ni Ayọ̀mí ti ń ṣiṣẹ́, nídìí ẹ̀rọ kẹta. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, iná NEPA kọ yẹ̀rì lójijì, ẹ̀rọ náà jó, ìdì ọ̀rá odindi kan sì jó mọ́ ọn. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n fún un ní lẹ́tà pé kó máa lọ sílé. Lẹ́tà náà ní ó sùn sídìí ẹ̀rọ. Ọ̀gbẹ́ni Olúgbénró, súpáfáísọ̀ wọn, ló fọwọ́ sí i.

Ayọ̀mí dúró dè é lẹ́nu géètì nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ ka ohun tí ẹ fọwọ́ sí fún mi." Ọkùnrin náà gba lẹ́tà, ó wò ó títí, ojú rẹ̀ sì yí padà. "Ṣé èmi lẹgbẹ́ rẹ tí màá máa kàwé fún?" Ó sọ ọ́ padà sí i láyà, ó sì lọ.

Láti ìgbà náà, Ayọ̀mí ti kan ilẹ̀kùn iléeṣẹ́ láti Ọ̀gbà títí dé Orégùn. Nígbà tí àwọn sọ́jà gbé ìjọba fún alágbádá lọ́dún méjì sẹ́yìn, wọ́n ní iṣẹ́ yóò pọ̀. Èrò ẹnu géètì nìkan ni Ayọ̀mí rí tó pọ̀. Gbogbo ibi tó dé ni wọ́n ti ń bi í pé ibo ló ti ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Bí wọ́n bá ti ránṣẹ́ síbẹ̀, ó parí. Ta ló fẹ́ fi ẹ̀rọ tó ń gbóná lé oníoorun lọ́wọ́? Ìyá rẹ̀ máa ń gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta ní ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun wọn, pé kí ọ̀tá ọmọ òun tẹ́ ní gbangba. Ayọ̀mí kì í ṣàmín. Fíìmù ló ń wò ní tirẹ̀. Ojú Olúgbénró ló máa ń fi sára gbogbo ọ̀tá inú fíìmù, ó sì ti pa á ní ọ̀nà mẹ́rìnlélógún.

Lẹ́tà náà wà nínú báàgì rẹ̀ báyìí, nínú ọ̀rá, bó ṣe wà níbẹ̀ lójoojúmọ́. Bí ẹni tó ṣu bá gbàgbé, ẹni tó kó o kò ní gbàgbé.

"Fíìmù rẹ dà?" ni Làsísì bi í.

Ayọ̀mí nà án sí i. Láti inú páálí tuntun tí Làsísì kó wá láti Ìkẹjà ló ti rí i. Ohun tí wọ́n kọ sí ẹ̀yìn rẹ̀ ló mú un. Ará Kòríà ni. Obìnrin kan ń ta iyọ̀. Wọ́n yẹgi fún ọkọ rẹ̀, torí pé baálẹ̀ ìlú tẹ òǹtẹ̀ mọ́ ìwé pé òun rí i níbi tó ti ń jí ìrẹsì ọba. Irọ́ gbáà ni. Ọdún mọ́kànlá ni obìnrin náà fi kọ́ ọ̀bẹ mímú lọ́wọ́ alápatà.

"Bọ̀ọ̀dá Làsísì, ẹ jọ̀ọ́. Tòní yìí nìkan. Ẹ jẹ́ ká wò ó dé òpin. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ."

"Mo ti gbọ́."

"Ẹ ṣèlérí."

"Mo ní mo ti gbọ́, Ayọ̀mí! Àbí kí n fọwọ́ sí ìwé ni?"

Bí fíìmù ṣe bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ká kọ́tìnnì ẹnu ọ̀nà sókè. Ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán ya wọlé, ọkùnrin kan sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wọlé tẹ̀ lé e, fìlà rẹ̀ lọ́wọ́.

"Ẹ káàsán o. Wọ́n ní ọmọbìnrin kan wà níbí tó ń sọ fíìmù."

"Òun nìyẹn, bàbá," ni Làsísì wí, ó sì tọ́ka.

Ọkùnrin náà gbé ojú sókè. Olúgbénró ni. Ayọ̀mí náà ń wò ó. Ọkùnrin náà dúró gbagidi láàárín ilé, ẹsẹ̀ kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sílé.

"Bàbá, ẹ jókòó! Ẹ kì í ṣe gíláàsì!" ni Shuaib ké láti ẹ̀yìn.

Ó jókòó. Iwájú gan-an ló jókòó sí, torí ibẹ̀ nìkan ló ṣófo.

Ayọ̀mí gbé ọ̀pá rẹ̀ sókè. Ó sọ fíìmù náà lọ́jọ́ náà bí kò ṣe sọ ọ̀kankan rí. Nígbà tí baálẹ̀ gbé òǹtẹ̀ rẹ̀, ó dúró díẹ̀, ó wá fi ọ̀pá kan ìwé náà lójú tẹlifíṣàn. "Ó ní, èmi baálẹ̀, mo fi ojú ara mi rí i. Ó mọ̀ pé irọ́ ni. Ó mọ̀ pé ọkùnrin yìí ní ìyàwó. Ó tẹ̀ ẹ́."

"Olóṣì!" ni Reuben wí.

"Ẹlẹ́rìí èké!" ni Fàúsát wí.

Olúgbénró mi orí, ó sì pòṣé. "Ìkà ni ọkùnrin yìí," ló wí. "Ìkà gidi ni."

Ayọ̀mí yí ojú wò ó. Ọkùnrin yìí ò tiẹ̀ rí ara rẹ̀! Ó jókòó níwájú dígí, ó ń bú ẹni tó wà nínú rẹ̀. Kí ni òun wá ń pariwo fún? Ó pa ẹnu dé. Lójú tẹlifíṣàn, obìnrin oníyọ̀ kúnlẹ̀ lábẹ́ igi tí wọ́n so ọkọ rẹ̀ rọ̀ sí, ó ń búra, ìwé ìsàlẹ̀ sì ń sáré. Ayọ̀mí kò sọ nǹkan kan. Kó kà á fúnra rẹ̀, ó rò ó lọ́kàn. Ṣebí ọ̀gá tó ń fọwọ́ síwèé ni.

"Ayọ̀mí, kí ló dé? Kí ló ń wí?"

"Ẹ jẹ́ n kà á," ni Fàúsát wí. "Ó ní... I will... èmi yóò... Háà, ó ti lọ!"

Ayọ̀mí dojú kọ wọn, ó sì ń wo ojú wọn. Ó ti pẹ́ tó ti mọ bí ojú ṣe ń ṣe nílé yìí. Ẹni tó bá mọ ìwé, kò sí bó ṣe lè ṣe é: bí ọ̀rọ̀ bá ti yọ nísàlẹ̀, ojú rẹ̀ á lọ síbẹ̀, ì báà má fẹ́. Ojú Fàúsát ń lọ sísàlẹ̀, ó ń padà sókè. Ti Reuben ń lọ, ó ń rẹ̀ ẹ́ lójú ọ̀nà. Ti Shuaib kì í lọ rárá, kì í sì í tijú rẹ̀. Lárúbáwá ló kà, ó máa ń sọ ọ́ fún gbogbo ayé.

Ojú Olúgbénró kò lọ sísàlẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yọ, ó sì lọ. Òmíràn yọ. Ọkùnrin náà tẹ ara síwájú, ó la ẹnu díẹ̀, ó ń wo ètè obìnrin oníyọ̀ bí ẹni pé bí òun bá wò ó dáadáa, yóò sọ Yorùbá. Kò wo ìwé náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó wo Fàúsát. Ó wo Làsísì. Nígbà tó yá, ó wo Ayọ̀mí.

"Jọ̀ọ́," ló wí, ohùn rẹ̀ kò dé ẹ̀yìn. "Kí ló wí?"

Ayọ̀mí rántí ẹnu géètì. Ó rántí bí ọkùnrin yìí ṣe wo lẹ́tà náà títí, tó wá bínú lójijì. Ó rántí pé tí wọ́n bá lẹ ìwé mọ́ ògiri níbi iṣẹ́, akọ̀wé ló máa ń ní kó wá kà á sókè, "kí gbogbo yín lè gbọ́." Ọdún méjìdínlógún ló ti wà níbẹ̀. Etí ló fi mọ ẹ̀rọ. Ó máa ń gbọ́ ọ pé bẹ́líìtì fẹ́ já kó tó já.

Kò mọ̀wé.

Ọ̀bẹ ló bọ́ sí Ayọ̀mí lọ́wọ́ yẹn, ó sì mọ̀ ọ́n. Gbólóhùn kan péré. Kó kàn wí i báyìí, lójú gbogbo ilé: Bàbá, ẹ kà á fún wa, ṣebí súpáfáísọ̀ ni yín. Reuben á fi kọrin. Búrẹ́dì Shuaib ló ń lọ sí kántíìnì iléeṣẹ́ náà. Kí Mọ́ńdè tó dọ̀sán, ọ̀rọ̀ á ti débẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Wọ́n ti ń wá ẹni tí wọ́n máa lé tẹ́lẹ̀. Ààwẹ̀ ìyá òun á gbà nìyẹn.

Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fíìmù. Ó ń sọ ọ́, àmọ́ gbólóhùn yẹn wà lábẹ́ ahọ́n rẹ̀ bí obì, ó ń dúró de ìgbà tó máa dùn jù.

Ọdún mọ́kànlá kọjá lójú tẹlifíṣàn. Obìnrin oníyọ̀ rí baálẹ̀ níbi tó ti ń jẹun. Ó bá a jẹun, bí Fàúsát ṣe wí gẹ́lẹ́, ilé sì ń ké, "Pa á! Pa á!" Ó pa á. Baálẹ̀ ṣubú sórí tábìlì. Obìnrin náà wo ọ̀bẹ, ó wo ọwọ́ rẹ̀, ó sì jókòó padà síbi oúnjẹ. Ó la ẹnu.

Ojú tẹlifíṣàn di búlúù.

"Ẹ ṣèlérí fún mi!" Ayọ̀mí fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún.

"Ìṣẹ́jú mẹ́wàá!" ni Làsísì ń ké, kò tiẹ̀ wo ibi tó wà. "Ẹni tó bá fẹ́ gba atẹ́gùn, kó lọ gbà á!"

Inú bí i débi pé ó yí sí ilé náà, ó gbé ọ̀pá sókè, ó la ẹnu láti sọ gbólóhùn náà. Àmọ́ ẹ̀yìn ni gbogbo wọn ti kọ sí i. Wọ́n ń rọ́ jáde, wọ́n ń jà. "Ó yá jù! Ọdún mọ́kànlá, ìṣẹ́jú kan!" "Kí lo fẹ́ kó ṣe, kó máa bá a ṣeré?" Kọ́tìnnì balẹ̀ lẹ́yìn wọn.

Olúgbénró nìkan ló kù. Ìmọ́lẹ̀ búlúù náà wà lójú àwọn méjèèjì.

"Ẹnu rẹ dùn," ló wí. Ó ń yí fìlà rẹ̀ po lọ́wọ́. "Mi ò mọ̀ pé ìwọ ni wọ́n ń sọ. Ṣé o ti ríṣẹ́?"

"Ta ló fẹ́ fún oníoorun níṣẹ́, sà?"

"Oníoorun bíi báwo?"

"Bí ẹ ṣe kọ ọ́."

"Èmi kọ́. Mo sọ fún akọ̀wé pé iná ló ṣàdédé kọ yẹ̀rì, tó jó ẹ̀rọ. Mo ní ọmọ náà ò sùn, òun gan-an ló sáré pa á. Akọ̀wé ní òun ti kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní iléeṣẹ́ kàn ń dín èèyàn kù ni." Ó wò ó. "Ṣé kì í ṣe ohun tó wà níbẹ̀ nìyẹn?"

Ayọ̀mí ṣí báàgì rẹ̀. Ó yọ lẹ́tà náà nínú ọ̀rá, ó tú u, ó sì nà án sí i.

"Ẹ kà á, sà."

Ọkùnrin náà gbà á. Ó gbé e sún mọ́ ìmọ́lẹ̀ tẹlifíṣàn. Ó wò ó láti òkè dé ilẹ̀, gẹ́gẹ́ bó ṣe wò ó lẹ́nu géètì. Láti ìta, ohùn Reuben wọlé: "Kó jẹ́ kó mọ̀ pé òun ń kú! Ibẹ̀ ni adùn rẹ̀ wà!"

"Mi ò mú awò ojú mi dání," ni Olúgbénró wí.

Ayọ̀mí kò rí awò lójú rẹ̀ rí. Gbólóhùn náà ṣì wà lábẹ́ ahọ́n rẹ̀. Kò sí ẹlòmíràn nílé tó máa gbọ́ ọ, òun àti ọkùnrin náà ni, àwọn méjèèjì sì ti mọ̀ ọ́n. Ó dúró kó dùn. Kò dùn. Ọkùnrin kan tó ti ń dàgbà jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ìwé tí kò lè kà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyẹn nìkan ló wà níbẹ̀. Ó wá yé e lójijì pé ibi tí Làsísì máa ń gé kúrò nínú fíìmù rèé.

Ó jókòó tì í, ó sì gba ìwé náà. Ó kà á fún un bó ṣe ń ka fíìmù, ní Yorùbá, kò fi iyọ̀ sí i. "Ó ní, sí ẹnikẹ́ni tó bá kàn. Ó ní, ọmọbìnrin yìí sùn sídìí ẹ̀rọ kẹta. Ó ní, mo jí i lẹ́ẹ̀mejì, ó tún sùn. Ó ní, èmi, Olúgbénró, mo fi ojú ara mi rí i."

Olúgbénró yí sí i.

"Ó ní mo fi ojú ara mi rí i?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Olúgbénró fi fìlà bo ẹnu. Ó gbé e kúrò. "Mo ti fọwọ́ sí irú ìwé yìí púpọ̀," ló wí. Kò jọ pé Ayọ̀mí ló ń sọ ọ́ fún. Nígbà tó yá, ó ní, "Tún un kà. Rọra kà á. Mo fẹ́ mọ̀ ọ́n sórí kó tó di Mọ́ńdè, kí n lè sọ ọ́ lójú akọ̀wé."

"Láti ibo, sà?"

"Láti ìbẹ̀rẹ̀."

Làsísì ń ké láti ìta pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá ti pé, kí Ayọ̀mí múra. Ayọ̀mí tẹ́ ìwé náà sórí orúnkún, ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó sì fi orí ọ̀pá náà sábẹ́ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́.

Fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ojú ọkùnrin náà lọ sísàlẹ̀.